Ẹ Gbé Ike Omi Wá Kí Ẹ Tó Gbé Gbohùngbohùn

Ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀ lórí ìlera máa ń dùn ún wò. Àga wà nílẹ̀, gbohùngbohùn ń dún, wọ́n ń pín ìwé pélébé kiri. Láàárín wákàtí kan, olùbánisọ̀rọ̀ ti mẹ́nu ba fífọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru, abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi mímu, ẹ̀fọn àti eyín. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, ó tán. Ẹ wá padà lọ bá àwọn èèyàn náà nílé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ ní kí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹyọ kan péré nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ àbí ariwo lásán ni wọ́n gbọ́.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe nígbà tí olùkọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́ ni òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí mo gbà gbọ́. Ẹ má fi iye èèyàn tó wá sípàdé tàn mí jẹ.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ tí mo mọ̀ wá láti Bangladesh. Láti 1980 sí 1990, BRAC, ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kan níbẹ̀, rán àwọn obìnrin tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ láti ilé dé ilé, títí wọ́n fi dé ilé tó tó mílíọ̀nù méjìlá, láti kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Wọn ò ní kí ìyá lọ wá ṣíbí kankan. Iyọ̀ tí orí ìka mẹ́ta bá mú, ṣúgà ìrèké tí kò tíì funfun ẹ̀kúnwọ́ kan, àti omi tó dé ojú àmì tí wọ́n fà sára ìkòkò onílé: òṣùwọ̀n tí ìyá ò lè gbàgbé síbì kan, torí ara rẹ̀ ló wà.

Bí wọ́n ṣe ń sanwó fún àwọn olùkọ́ náà ló wù mí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹlòmíràn yóò mú díẹ̀ nínú àwọn ilé náà láìsọ tẹ́lẹ̀, yóò bi ìyá ní ìbéèrè, yóò sì ní kó po omi náà lójú òun. Bí ìyá bá ṣe rántí tó ni owó olùkọ́ ṣe ń pọ̀ tó. Olùkọ́ tó bá mọ̀ pé owó òun wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kánjú sọ̀rọ̀. Kókó mẹ́wàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gé e kù sí méje, torí èyí tó pọ̀ jù ń lé èyí tó ṣe pàtàkì jáde lórí.

Síbẹ̀, ìṣòro kan yọjú. Àwọn ìyá mọ omi náà pò, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru dé lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò lò ó. Wọ́n wádìí, wọ́n sì rí i pé àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ pàápàá ò fọkàn tán ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Oògùn ni wọ́n ń wá bí inú tiwọn bá bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó bá àwọn ọkọ sọ̀rọ̀. Wọ́n padà lọ ṣàlàyé fún àwọn olùkọ́ bí omi náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, wọ́n sì lọ bá àwọn ọkùnrin níbi tí àwọn ọkùnrin ń pé jọ sí. Ẹni tí ń ṣèpinnu nínú ilé lè má jẹ́ ẹni tó jókòó síwájú yín nípàdé.

Ìpàdé kan, ìṣe kan

"Ìmọ́tótó" kì í ṣe ìṣe. "Oúnjẹ tó dára" náà kì í ṣe ìṣe. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kókó yín ti kéré tó, ẹ parí gbólóhùn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́: "Bí mo bá délé lónìí, màá…" Bí ẹ ò bá lè fi ọ̀rọ̀ tí ojú lè rí parí rẹ̀, ẹ gé e sí i. "Màá gbé ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́" ti tó.

Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ló dára. Bí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn á di òǹwòran. Ogójì ìṣẹ́jú tó: márùn-ún láti gbọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ àti ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá láti fi hàn wọ́n, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àwọn fúnra wọn ṣe é, mẹ́wàá tó kù kí wọ́n sọ ọ́ padà fún yín. Ẹ ṣọ́ra fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn, torí òun ni wọ́n sábà máa ń fò. Ẹni tí ẹ ò bá bi léèrè ohun tó ń ṣe nílé yóò gbọ́ tiyín tán, yóò sì máa ṣe tirẹ̀ lọ.

Omi iyọ̀ àti ṣúgà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo hàn yín ní kíkún. Ohun tí ẹ máa kó wá ni ike tó dájú pé ó gba lítà kan, ṣíbí ìpotíì mẹ́rin, ṣúgà, iyọ̀, ọ̀bẹ, ife, àti ike kejì tí ẹ ti fi abẹ́rẹ́ dá ihò sí nídìí.

Ike tó ń jò yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n máa wo bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n: bí a ò bá tíì rí ihò yìí dí, kí la máa ṣe kí ike má gbẹ? Ẹnì kan á ní ká máa bu omi sí i. Òótọ́ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sọ nìyẹn: omi iyọ̀ àti ṣúgà kì í dá ìgbẹ́ dúró, omi tó ń jáde ló ń dá padà sínú ara. Ìgbẹ́ gbuuru sábà máa ń dá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Gbígbẹ ara ló ń pa ọmọ kó tó dá. Ìyá tí ẹ ò bá sọ èyí fún yóò fún ọmọ mu lẹ́ẹ̀mejì, yóò rí i pé ìgbẹ́ ń lọ síbẹ̀, yóò sì da ìyókù nù pé kò ṣiṣẹ́.

Kí ló dé tí omi lásán ò tó? Ìfun ní ilẹ̀kùn kan tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Kódà nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe èèyàn, ilẹ̀kùn yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni àwọn méjèèjì fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ìwọ̀n wọn sì pé.

Èyí tí wọ́n pò sínú páálí kékeré, tí ilé ìwòsàn ń fúnni, ló dára jù. Ẹ ka ara páálí náà kí ẹ tó pò ó, torí omi tí páálí kan ń fẹ́ lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí kò bá sí, ti ilé nìyí: omi tó mọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì. Ṣíbí náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé òkìtì orí rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wọn ní ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin pò ó, kí ẹ má bá wọn dá sí i, kí ẹ kàn máa wò.

Àṣìṣe tí ẹ máa rí kò ní ju mélòó kan lọ. Ẹnì kan á bu ṣíbí tó ga bí òkìtì, èyí tó lè tó ìlọ́po méjì. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, ńṣe ló máa ń fa omi látinú ara wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì le sí i. Iyọ̀ tó pọ̀ jù ló burú jù: ó lè mú kí gìrì gbé ọmọ kékeré. Ẹlòmíràn á yí i padà, á bu iyọ̀ síbi tó yẹ kó bu ṣúgà, nítorí náà ẹ kọ́ wọn láti bu iyọ̀ kọ́kọ́, kí wọ́n tọ́ ọ wò kí ṣúgà tó wọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n tún un pò. Àwọn mìíràn á fi ike èyíkéyìí tí wọ́n bá rí wọn omi láìmọ̀ bóyá ìdajì lítà ni àbí lítà kan ààbọ̀. Èyí ló fi yẹ kí wọ́n mú ike tiwọn wá sípàdé, kí ẹ fi ike yín wọn omi sínú rẹ̀, kí ẹ sì fa àmì tí kì í parẹ́ sí ojú lítà kan. Kò sí ìwé pélébé tó lè ṣe iṣẹ́ tí àmì yẹn ń ṣe.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa ń mu mìlílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá ti lé ní ọdún méjì, 100 sí 200. Díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú ṣíbí tàbí ife. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmú kò gbọdọ̀ dúró, oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ dúró. Omi tí a pò tó ti pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, dídànù ló kàn. Ilé ìwòsàn tún máa ń fi oògùn síǹkì kún un fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá: mìlígíráàmù 20 lójúmọ́, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

Àwọn àmì tó ń sọ pé kí a sáré lọ sí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn kí wọ́n tó dìde: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ojú tó jìn wọnú, ọmọ tí kò lè mu nǹkan, tó ń bì ohun gbogbo, tó rẹ̀ débi pé kì í fẹ́ jí, tàbí tí kì í tọ̀ mọ́. Wọ́n á gbé e lọ, wọ́n á sì máa fún un mu lójú ọ̀nà.

"Ṣé ó yé yín?"

Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè yìí. "Ó yé wa" ni ẹ máa gbọ́, ì báà yé wọn, ì báà má yé wọn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ dójú ti ara rẹ̀ láàárín àwùjọ, ọmọlúàbí ò sì ní fẹ́ dójú ti olùkọ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ gbé ẹrù náà sórí ara yín: "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé dáadáa. Bí ẹ bá délé, tí màmá àgbà bá ní ìgbẹ́ ò tíì dá, kí la wá ń po omi yìí fún, kí lẹ máa sọ fún wọn?" Bí ìdáhùn bá wọ́, ẹ wá àlàyé mìíràn. Ẹ má tún ti àkọ́kọ́ sọ ní ohùn tó ga jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tún béèrè, títí ẹni náà yóò fi sọ ọ́ lọ́rọ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń tan àwa Yorùbá jẹ

Èyí gan-an ló yẹ kí àwa tó ń fi Yorùbá kọ́ni jókòó tì. A ní "kòkòrò àrùn", ẹni tó ń gbọ́ wa sì ń fojú inú wo ohun tó ní ẹsẹ̀, tó ń rìn, tí ìjàǹbá rẹ̀ hàn sójú. Ibi tí kò bá ti rí nǹkan kan, ó gbà pé ó mọ́. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe kéré tó: bí ẹ bá to bakitéríà ẹgbẹ̀rún kan tẹ̀ léra wọn, ìlà náà lè má ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Fáírọ́ọ̀sì tún kéré sí ìyẹn gan-an. Ẹ̀rọ awò-ohun-kékeré ilé ẹ̀kọ́ kò lè rí púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ẹ bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí, ó rọrùn láti sọ ìdí tí oògùn tó ń pa bakitéríà kò fi lè ṣe nǹkan kan fún ọ̀fìnkìn, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ "kòkòrò" fún gbogbo wọn, ó bọ́gbọ́n mu lójú olùgbọ́ pé oògùn kan náà ló yẹ kó pa gbogbo wọn.

"Ibà" náà ń kó wa sí ìyọnu. Ara gbígbóná ni ibà, màlíríà náà ni ibà. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná á sì lo oògùn màlíríà láìṣàyẹ̀wò. Ẹ yà wọ́n: "ara gbígbóná" nígbà tí ẹ bá ń sọ ohun tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ń kà, "màlíríà" nígbà tí ẹ bá ń sọ àrùn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn. Bákan náà ni "pọ́sítíìfù", tó dún bí ìròyìn ayọ̀ létí ọ̀pọ̀ èèyàn. "Àyẹ̀wò rí i" àti "àyẹ̀wò ò rí i" kò ní ìtumọ̀ méjì.

"Àjẹsára" dára púpọ̀, ohun tí a jẹ sí ara, ṣùgbọ́n ó ń mú èèyàn rántí oògùn àtijọ́ tí wọ́n ń jẹ kí nǹkan kan má bàa ràn wọ́n. Ẹni tó gbà pé àjẹsára ni ohun tí nǹkan kan kì í ràn yóò sọ pé ayédèrú ni nígbà tí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ bá ṣàìsàn díẹ̀. Mo fẹ́ràn láti fi í wé fọ́tò ọ̀daràn tí wọ́n fún àwọn ọlọ́dẹ: ọ̀daràn ṣì lè dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ wọ́n ti mọ ojú rẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kó pẹ́ nínú ilé.

Àwọn eré tó ń parọ́

Eré kan wà tí gbogbo ayé fẹ́ràn: ẹ wọ́n ata lílọ̀ sójú omi, ẹ ti ìka tó ní ọṣẹ bọ̀ ọ́, ata á sá lọ sí etí àwo. Ọmọdé á pariwo. Ẹ̀kọ́ tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe òótọ́: ọṣẹ ń dín agbára tó so ojú omi pọ̀ kù, omi sì ń fa ata lọ. Kòkòrò àrùn kì í sá fún ọṣẹ. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ń sá yóò fi ọṣẹ kan ọwọ́, yóò sì ṣàn án lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó ń sọ òótọ́ nìyí. Ẹ fi òróró ìdajì ṣíbí ìpotíì pa ọwọ́ àwọn mẹ́ta, kí ẹ da lúúlúù aláwọ̀ dídán díẹ̀ sí i. Kí ẹnì kan fi omi nìkan fọ̀ ọ́, kí èkejì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ̀kẹta fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ogún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n na ọwọ́ sí gbogbo àwùjọ. Ohun tó kù máa ń wà lábẹ́ èékánná, láàárín ìka àti lára àtàǹpàkò, ibi tí olúkúlùkù ń gbàgbé. Ọṣẹ àti fífi ọwọ́ ra ara wọn ń tú òróró àti ìdọ̀tí kúrò, omi á sì gbé wọn lọ. Kí ẹ sì ní kí ẹni tó fi omi nìkan fọwọ́ bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ti búrẹ́dì náà dára bí ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ: ègé kan tí ọwọ́ ìdọ̀tí fọwọ́ kàn, ègé kan tí ọwọ́ tí a fọ̀ fọwọ́ kàn, ègé kan tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, olúkúlùkù nínú ọ̀rá tí a dì pa. Ẹ ṣe mẹ́ta-mẹ́ta ti oríṣi kọ̀ọ̀kan, torí ẹyọ kan lè hu nǹkan lásán. Ègé tí a ò fọwọ́ kàn lọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí a mọ ohun tó ti wà lára búrẹ́dì tẹ́lẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Olú kéékèèké tó ń hù lára oúnjẹ tó ti bu ni ẹ máa rí, kì í ṣe bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹ má sì tú ọ̀rá náà mọ́ láé.

Mélòó nínú mélòó?

Ní oṣù October 1995, àwọn aláṣẹ oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ pé irú àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tuntun kan ń sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì! Ọ̀pọ̀ obìnrin ju oògùn wọn nù. Ohun tí ìwádìí sọ gan-an ni pé ẹnì kan nínú 7,000 ti di ẹni méjì nínú 7,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales fi bíi 13,000 lé sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ewu ẹ̀jẹ̀ dídì inú oyún fúnra rẹ̀ ju ti oògùn náà lọ.

Ìbéèrè kan ni kí ẹ fi kọ́ wọn: mélòó nínú mélòó? Ẹ má lo "ìpín nínú ọgọ́rùn-ún" bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ẹ la pépà ńlá kan sí àpótí 1,000, 25 ní ìbú, 40 ní gígùn. Kí àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ èèyàn kan. Ẹ ní mẹ́wàá ló ní àrùn kan. Àyẹ̀wò ń rí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọ̀nyẹn. Nínú 990 tí ara wọn le, ó ń ṣèèṣì fẹ̀sùn kan ẹnì kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn 99. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù kun gbogbo àpótí tí àyẹ̀wò dárúkọ. Mẹ́sàn-án àti 99 jẹ́ 108. Nítorí náà, nínú méjìlá tí àyẹ̀wò sọ pé wọ́n ní àrùn, ẹnì kan ṣoṣo ló ní in lóòótọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun àpótí yẹn á mọ ìdí tí dókítà fi ń sọ pé kí a tún àyẹ̀wò kejì ṣe, kò sì ní rò pé owó ni wọ́n ń wá.

Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé òun ló fà á?

"Ọmọ gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ó ṣàìsàn ní ọjọ́rú." Ẹ má fi ẹni tó sọ èyí ṣe yẹ̀yẹ́, bí ọpọlọ gbogbo wa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ kó ọgbọ̀n èèyàn jọ. Kí olúkúlùkù mú pépà kan nínú fìlà tí ẹ kọ nọ́ńbà 1 sí 30 sí: ọjọ́ tó ṣàìsàn nínú oṣù nìyẹn. Kí ó tún mú òmíràn nínú fìlà kejì: ọjọ́ tó "gba abẹ́rẹ́". Kí àwọn tí àìsàn wọn bọ́ sí ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé abẹ́rẹ́ wọn dìde dúró. Ẹni bíi mẹ́ta ló sábà máa ń dìde. Kò sẹ́ni tó gba abẹ́rẹ́ kankan, síbẹ̀ ẹ ti ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Bí ẹ bá wá béèrè ohun tó yẹ ká ṣe ká tó mọ òótọ́, wọ́n á fẹnu ara wọn sọ pé ká fi àwọn tó gbà á wé àwọn tí kò gbà á. Ìwádìí 1998 tó dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ lórí àjẹsára èéyi, èyí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde, kò ní àwọn tí kò gbà á láti fi wé àwọn tó gbà á. Ọmọ méjìlá péré ló wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì fagi lé e ní 2010.

Bí ẹ bá fẹ́ tú irọ́ kan ká, òótọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó kúrú. Ẹ mẹ́nu ba irọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ibi tó ti wọ́, kí ẹ padà sórí òótọ́. Ẹ má kọ irọ́ sí àkọlé pátákó yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ fi "kì í ṣe òótọ́" tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ìbẹ̀rù wọn: apá á dùn wọ́n, ara lè gbóná fún ọjọ́ kan sí méjì, ìhùwàsí ara tó le gan-an sì wà, bíi ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan fún ọ̀pọ̀ àjẹsára, ìdí rẹ̀ nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń ní kí èèyàn jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Olùkọ́ tó bá fi èyí pamọ́ ti pàdánù wọn lọ́jọ́ tí apá àkọ́kọ́ bá wú.

Ẹ̀kọ́ kan náà wà nínú ìtàn dókítà John Snow àti kọ́lẹ́rà ní London, 1854. Ẹ fi ẹfun ya òpópónà sílẹ̀, ẹ to òkúta sí ilé tí àìsàn wọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ omi mẹ́ta síbẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn wá ibi tó ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó jẹ́ kí Snow dájú: àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pọn ọtí nítòsí ẹ̀rọ omi tí Snow fura sí kò mu omi rẹ̀, wọn ò sì ṣàìsàn bíi tàwọn yòókù, opó kan tó ń gbé ní Hampstead, tó jìnnà, ń ránṣẹ́ bu omi náà, ó sì kú. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà ní ọjọ́ 8 oṣù September. Ẹ má gbójú fo èyí tó kẹ́yìn: àìsàn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, Snow fúnra rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kò dúró lórí pé "wọ́n yọ ọ́, ó sì dáwọ́ dúró".

Ọjọ́ ọgbọ̀n

Ẹ mú ogún ilé nínú àwọn tó wá sípàdé, kí ẹ ṣẹ́ gègé yàn wọ́n. Bí ẹ bá fúnra yín yàn, àwọn tó sún mọ́ yín lẹ máa mú. Ẹni tí kò kọ́ wọn ni kó lọ. Kó má béèrè "ṣé ẹ ń fọwọ́?", torí gbogbo èèyàn ló ń fọwọ́ bí ẹ bá béèrè. Kó ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ han òun, kó sì wò ó bóyá omi àti ọṣẹ wà níbẹ̀ papọ̀. Kó ní kí wọ́n po omi iyọ̀ àti ṣúgà lójú òun, kó kọ ohun mẹ́rin péré: ṣé omi pé lítà kan, ṣíbí ṣúgà mélòó, ṣíbí iyọ̀ mélòó, ṣé ṣíbí tẹ́jú. Kó tún béèrè ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru ṣe ọmọ gbẹ̀yìn àti ohun tí wọ́n fún un.

Bí méje nínú ogún bá bu ṣíbí olókìtì, ọ̀bẹ ni wọn ò rí lò dáadáa nípàdé. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún ìdánrawò tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá pò ó pé ṣùgbọ́n tí wọn ò fún ọmọ, ẹ padà gbé ike tó ń jò wá, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó ń ṣèpinnu nínú ilé wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọṣẹ bá wà nínú yàrá tí omi sì wà lẹ́yìn ilé, okùn àti ọ̀rá alájọ̀ lẹ máa fi gbé ọṣẹ náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.